"Orí yọ, ó dilé" kọ́ ló kó wọn yọ lórí òkè Andes

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ní ohun tó ń yọni nínú aginjù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mẹ́sàn-án á ní kéèyàn jẹ́ akin, kó dá nìkan wá ọ̀nà. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ kàn ń fani sẹ́yìn ni: ẹnu púpọ̀, oúnjẹ á tètè tán. Ó dà bí òótọ́. Àmọ́ ẹ wo ọkọ̀ òfuurufú tó já lórí òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, ọdún 1972.

Èèyàn 45 ló wà nínú ẹ̀, tí ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù rugby láti Uruguay pọ̀ nínú wọn. Èèyàn 16 ló délé láàyè, lẹ́yìn ọjọ́ 72 nínú yìnyín. Ohun tí aráyé fi mọ̀ wọ́n ni pé wọ́n jẹ ẹran ara àwọn tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n jẹ ẹ́. Ṣé ìyẹn nìkan ló gbà wọ́n là?

Rárá o. Canessa àti Zerbino, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nínú wọn tí ò tíì kọ́ ọ jìnnà, ló ń tọ́jú ojú egbò. Fito Strauch tẹ́ páànù ara àga sóòrùn, yìnyín ń yọ́ lórí ẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. (Òùngbẹ ń pani láàárín yìnyín o!) Carlos Páez mọ abẹ́rẹ́ dì mú, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ, òun ló ṣáájú nígbà tí wọ́n ń rán àpò ìsùn fáwọn tó fẹ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Parrado àti Canessa ni wọ́n ń kan sáárá sí pé wọ́n fẹsẹ̀ rìn já sí Chile. Mẹ́ta ni wọ́n jáde! Nígbà tí wọ́n gun orí òkè, òkè lẹ́yìn òkè ni wọ́n rí níwájú, oúnjẹ ò sì ní tó mẹ́ta. Ni Vizintín, ẹnì kẹta wọn, bá kó ìpín tiẹ̀ fún àwọn méjì yòókù, ó padà sídìí ọkọ̀. Ẹnu púpọ̀ yẹn náà ló mọ ìgbà tó yẹ kí ẹnu dín kù.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n rìn kí wọ́n tó rí darandaran kan, Sergio Catalán, lódì kejì odò. Ariwo omi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn. Ó so bébà mọ́ òkúta, ó jù ú sí wọn. Ohun tí Parrado kọ sínú ẹ̀ ni pé èèyàn 14 ṣì wà lókè.