Wọn Ò Gé Ọwọ́ Àwọn Tó Kọ́ Taj Mahal

Ẹni tó bá ń dé ìlú Agra ní Íńdíà fún ìgbà àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ gbọ́ ìtàn yìí. Bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ò bá sọ ọ́ kí ẹ tó dé ẹnu géètì, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri inú ọgbà á sọ ọ́, á sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń tú àṣírí: pé nígbà tí Taj Mahal, ibojì tí Ọba Shah Jahan kọ́ fún ayaba rẹ̀, parí, ọba náà ní kí wọ́n gé ọwọ́ gbogbo oníṣẹ́ tó kọ́ ọ, kí irú rẹ̀ má baà tún sí láyé mọ́. Àlejò á mirí, á káàánú, á sì gbé ìtàn náà relé.

Irọ́ ni. Ẹ bá mi ka ọdún.

Ní 1631, ayaba Mumtaz Mahal kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ kẹrìnlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibojì rẹ̀, àwọn ilé tó yí i ká kò sì parí tán títí di nǹkan bí 1653. Ṣùgbọ́n láti 1639 ni ọba yìí kan náà ti ń kọ́ olú ìlú tuntun sí Delhi, pẹ̀lú ààfin olódi tí wọ́n ń pè ní Red Fort. Ní 1650, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí Jama Masjid, èyí tó parí ní 1656. Ọwọ́ ta ló fẹ́ fi kọ́ gbogbo ìyẹn? Ọba tí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún tó báyìí, oníṣẹ́ ló ń wá, kì í gé wọn lọ́wọ́.

Ustad Ahmad Lahori, tí wọ́n kà sí olórí ayàwòrán ilé fún Taj Mahal, wà nídìí iṣẹ́ Red Fort náà. Ọmọ rẹ̀ fi ewì yangàn pé bàbá òun ló kọ́ méjèèjì. Amanat Khan, tó kọ ẹsẹ Àlùkùránì sára ògiri, kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ibojì ayaba gan-an, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Tavernier, oníṣòwò ará Faransé tó kọ̀wé nípa ẹgbàáwàá (20,000) òṣìṣẹ́ Taj, kò mẹ́nu ba ọwọ́ gígé rárá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kàn máa ń tẹ̀ lé ilé tó bá rẹwà jù ni. Ní Moscow, ojú ẹni tó ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì St. Basil ni wọ́n ní ọba fọ́.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn ilé ìtajà mábù ní Taj Ganj, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Taj Mahal. Ẹ máa bá ọkùnrin kan ní ìjókòó ilẹ̀, tó ń fi ọrun yí òkúta ìlọ̀ kékeré, tó ń lọ òkúta pupa kan títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èékánná. Á kì í bọ ihò onírísí òdòdó tí wọ́n ti gbẹ́ sójú mábù, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, òdòdó náà á sì pọ́n yòò. Ọ̀gá ọjà á ní ìran àwọn tó kọ́ Taj ni àwọn, pé láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ ni iṣẹ́ náà ti wá. Kó tó di pé ẹ dúnàádúrà tán, òun náà á tún sọ ìtàn ọwọ́ gígé! Ẹ má bá a jiyàn, ẹ ná ọjà yín. Ẹ kàn fi èékánná ha ìdí àwo náà díẹ̀: bó bá ha wẹ́rẹ́, òkúta rírọ̀ ni, kì í ṣe mábù.

Ẹ sì sọdá odò Yamuna lọ wo ibojì Itimad-ud-Daulah, tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í yà sí. Nur Jahan, ìyàwó bàbá Shah Jahan, ló kọ́ ọ fún àwọn òbí rẹ̀ láàárín 1622 sí 1628. Irú ọnà òkúta aláràbarà tí wọ́n ń kì bọ mábù yẹn kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ Taj lélẹ̀ pàápàá. Bó bá jẹ́ Jímọ̀ lẹ dé Agra, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí wọ́n máa ń ti Taj Mahal pa fún àlejò lọ́jọ́ náà.