Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yé pa SELinux

Láàárín àwa tí a ń bójú tó sáfà (ẹ̀rọ tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀) nílùú Abuja, ní Utako ni o, ní Wuse ni o, tàbí ní Garki, ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ débi pé àwọn ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti ọjọ́ tí ó bá ti wọlé: bí ìkànnì kan bá kọ̀ tí kò ṣí lórí Linux, SELinux, ètò ààbò tí ó wà nínú Linux, ni ó fà á, kí wọ́n tètè pa á. Wọn a tẹ setenforce 0, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí SELinux dá nǹkan dúró mọ́, ìkànnì a ṣí, gbogbo ènìyàn a sì gbà pé ẹ̀rí ti délẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Àṣìṣe tí ó wà nílẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ rárá. Ohun tí ó ń tọ́ka sí i nìkan ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Kí ètò abẹ́lẹ̀ kan tó lè ka fáìlì tàbí kí ó tó lè kàn sí ẹ̀rọ mìíràn lórí Linux, àyẹ̀wò méjì ni ó ń là kọjá. Èkíní ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí ó ń wo ẹni tí ó ni fáìlì àti ohun tí onítọ̀hún fàyè gbà, èyí tí a ń fi chmod àti chown yí padà. Èkejì ni àyẹ̀wò ọ̀ranyàn, tí kernel, ọkàn Linux, fúnra rẹ̀ ń ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí alábòójútó ẹ̀rọ ti fi lélẹ̀, tí ètò tí ìlànà náà dè kò sì lè tú u, kódà bí ó bá ń lo agbára root, aṣàmúlò tí ó lágbára jù lórí ẹ̀rọ. Àmì ni SELinux ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo láti ṣe iṣẹ́ yìí: Apache àti nginx, àwọn ètò tí ó ń gbé ìkànnì jáde, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ httpd_t, fáìlì ìkànnì ń jẹ́ httpd_sys_content_t, ohun tí ó wà nínú fódà aṣàmúlò ń jẹ́ user_home_t, fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn aṣàmúlò wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ shadow_t. Ohun tí ìlànà kò bá sọ pé httpd_t lè ṣe, kò lè ṣe é.

Ẹ wá wo bí ìyọnu náà ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kó fáìlì ìkànnì sínú fódà tirẹ̀ lórí sáfà, ó sì fi mv gbé e lọ sí /var/www/html. Àṣẹ mv kì í yí àmì padà, nítorí náà user_home_t ni fáìlì náà ṣì ń jẹ́ níbi tuntun tí ó dé. Ká ní cp ni ó lò ni, àmì ibi tí ó dé ni ì bá gbà. Apache kò lè kà á, ó ń dáhùn 403, ìyẹn ni pé a kò fàyè gbà á. Ẹni náà tẹ chmod -R 777, tí ó ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè ka fáìlì náà kí wọ́n sì kọ sí i, kò sí ìyàtọ̀, nítorí pé àyẹ̀wò èkíní kọ́ ni ó dá a dúró. Ó wá tẹ setenforce 0, ojú ewé náà sì ṣí. Láti ìgbà náà lọ, nǹkan méjì ni ó ti bàjẹ́ lórí sáfà yẹn: SELinux kò dá ohunkóhun dúró mọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ráyè sórí ẹ̀rọ náà lè kọ ohun tí ó wù ú sínú fódà ìkànnì, torí pé kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rántí dá 777 náà padà. Bẹ́ẹ̀, restorecon -Rv /var/www/html, àṣẹ kan ṣoṣo péré tí ó ń dá àmì tí ó yẹ padà, ni ì bá ti yanjú gbogbo rẹ̀.

Ẹjọ́ kejì tí mo máa ń rí ni ti nginx tí ó wà níwájú ètò mìíràn lórí pọ́ọ̀tù 3000, tí ó ń dáhùn 502 (pé òun kò rí èsì gidi gbà lọ́dọ̀ ètò tí ó wà lẹ́yìn òun), tí ọ̀rọ̀ Permission denied (a kò fàyè gbà á) sì wà nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Ìlànà kò gbà kí httpd_t máa kàn sí ẹ̀rọ tàbí ètò mìíràn fúnra rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, setsebool -P httpd_can_network_connect on sì ni ẹ ó fi sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ dátábéèsì nìkan ni ìkànnì yín fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣí èyí tí ó gbòòrò. Èyí tí ó mọ níwọ̀n, httpd_can_network_connect_db, wà fún un. Mo gbà pé ohun tí SELinux ń kọ sínú /var/log/audit/audit.log kò dùn ún kà, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ ausearch -m AVC -ts recent yóò rí orúkọ ètò tí wọ́n dá dúró, àmì rẹ̀, àti àmì ohun tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kí SELinux má lọ́wọ́ sí i, nítorí pé bí àyẹ̀wò èkíní bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Àwọn tí ó ń tẹ setenforce 0 kì í sábà rò ó pé gbogbo ẹ̀rọ ni àwọn ṣí sílẹ̀, kì í ṣe Apache nìkan: dátábéèsì, ètò ìméèlì, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ẹ bá fẹ́ wádìí ètò kan ṣoṣo, semanage permissive -a httpd_t yóò dẹ okùn fún un nìkan, yóò sì máa kọ ohun tí ì bá ti dá dúró sílẹ̀, ìdè ètò yòókù kò sì ní tú. Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn kọ SELINUX=disabled sínú /etc/selinux/config. Láti ìgbà náà, fáìlì tuntun kì í ní àmì mọ́. Nígbà tí wọ́n bá tún tan SELinux lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù láìkọ́kọ́ tún àmì lẹ̀ mọ́ gbogbo fáìlì nípasẹ̀ /.autorelabel, ẹ̀rọ lè kọ̀ kí ó má dìde dáadáa, wọn a sì tún gbé ẹ̀bi náà ru SELinux.

Àwọn kan a ní: àwa ní firewall tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Apache wa kì í sì í lo root, kí ni a tún ń wá? Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 443, ẹnu ọ̀nà ìkànnì, sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ibẹ̀ náà sì ni olè ń gbà wọlé bí àlàfo bá wà nínú kóòdù PHP ìkànnì yín. Firewall kò mọ ìyàtọ̀. Ní ti àìlo root, aṣàmúlò apache lè ka gbogbo fáìlì tí kò ní ìdíwọ́ fún ará ìta, ó lè kọ ètò sínú /tmp kí ó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó sì lè kàn sí ẹ̀rọkẹ́rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wa irinṣẹ́ burúkú wọlé. Lábẹ́ SELinux, ojúlówó ìlànà tí ó bá àwọn ẹ̀yà Linux bíi Red Hat àti Fedora wá ti pa httpd_can_network_connect àti httpd_can_sendmail (àyè láti fi ìméèlì ránṣẹ́) méjèèjì, nítorí náà ẹni tí ó gba Apache yín kò lè fi ránṣẹ́ káàkiri bí ó ṣe wù ú. Nọ́ńbà NIN àti BVN àwọn oníbàárà wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà ní ìlú yìí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì béèrè pé kí ẹni tí ó ń tọ́jú dátà lo ìlànà ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó yẹ láti dáàbò bò ó, pé bí ó bá jò lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, kí ó fi tó Àjọ Ààbò Dátà létí láàárín wákàtí 72.

N kò sọ pé SELinux lè ṣe ohun gbogbo. Nígbà tí àlàfo Shellshock jáde nínú bash, ètò tí ó ń gba àṣẹ lórí Linux, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, SELinux kò dí àlàfo náà. Ohun tí ó ṣe ni pé bash tí ọ̀daràn bá tipasẹ̀ ìkànnì jí dìde kò lè kọjá ibi tí ìlànà fi ètò ìkànnì sí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àlàfo CVE-2019-5736 jẹ́ kí ohun tí ó wà nínú container (àpótí tí a ń ti ètò mọ́) lè kọ nǹkan lé runc, ètò tí ó ń gbé container dìde, tí ó wà lórí ẹ̀rọ gan-an lórí, Red Hat sì kéde pé SELinux tí ó wà ní títàn lórí RHEL 7 ń dá a dúró. Ẹni tí ó bá pa á kò rí ààbò yẹn gbà. Bí àlàfo bá wà nínú kernel fúnra rẹ̀, tàbí bí ìbéèrè SQL tí ìkànnì yín fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ bá jẹ́ èyí tí olè lè yí, ibòmíràn ni ẹ ó ti wá ojútùú.

Ọ̀rọ̀ pé NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ni ó kọ́ ọ, nítorí náà ó ń ṣọ́ wa, kò gbọdọ̀ gba àkókò púpọ̀. Òótọ́ ni pé NSA ni ó gbé e jáde ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n láti ọdún 2003 ni kóòdù rẹ̀ ti wà nínú Linux fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, àwọn fóònù Android tí wọ́n ń tà ní Banex sì ń lò ó láìsí ìdẹ̀kun láti Android 5.0 ti ọdún 2014.

Àwọn tí ó ń lo Ubuntu, ẹ̀yà Linux mìíràn, máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. AppArmor ni ètò ààbò tiwọn, ibi tí fáìlì wà ni ó sì ń wò, kì í wo àmì. Ẹni tí ó bá kó dátà MySQL, ètò dátábéèsì, kúrò ní /var/lib/mysql lọ sórí díìsìkì mìíràn yóò rí i pé MySQL kọ̀ kò dìde, bí ó tilẹ̀ ti ṣe chown dáadáa. Kí ó kọ ibi tuntun náà sínú /etc/apparmor.d/tunables/alias, kí ó sì jẹ́ kí AppArmor tún ìlànà rẹ̀ kà. Kò sí ìdí láti yọ ọ́ kúrò.

Ẹ ṣọ́ra fún audit2allow. Ó ń sọ ohun tí wọ́n kọ̀ di ohun tí a gbà, láì bi yín bóyá ó yẹ. Ẹni tí ó bá lò ó fún ẹjọ́ mv tí mo sọ lókè yóò gbà kí Apache máa ka fódà gbogbo aṣàmúlò títí láé, nítorí fáìlì kan tí àmì rẹ̀ kò tọ́.

Àwọn tí wọn kò pa SELinux náà ní ìgbàgbọ́ tí kò tọ́: wọ́n rò pé ètò tí àwọn fúnra wọn kọ, tí systemd, ètò tí ó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò abẹ́lẹ̀, ń gbé dìde láti inú /opt, ti wà lábẹ́ ìdè. Ẹ tẹ ps -eZ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí unconfined_service_t, SELinux kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dè é rárá. Ẹ fi sepolicy generate --init bẹ̀rẹ̀ ìlànà tirẹ̀. Bí ó ṣe ń jáde, ó ń fi ètò náà sí ipò tí a kàn ń kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, láìdá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí tí iṣẹ́ ìparí oṣù àti àdàkọ ìpamọ́ yóò fi wáyé, ẹ ka ohun tí ó kọ sílẹ̀, ẹ fàyè gba èyí tí ó yẹ, kí ẹ tó yọ ìlà permissive, èyí tí kì í jẹ́ kí ìlànà dá a dúró, kúrò nínú fáìlì ìlànà .te rẹ̀.