Àmì Orí Lẹ́tà Kì í Ba Fáìlì Jẹ́

Ẹni tó bá ti gbé fíláàṣì lọ tẹ ìwé ní Pánsẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta rí á ti gbọ́ ọ: "Màmá, ẹ má fi àmì sí orúkọ fáìlì o, kò ní ṣí." Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kì í sọ ọ́ bí ẹni ń dá àbá, òfin ni lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbà bẹ́ẹ̀, ni fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń jẹ́ "adire eleko" lórí fóònù wọn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ sọ́fíwíà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Tiwọn ló ń bí mi nínú jù, torí àwọn ló yẹ kó mọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro wà, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ kò sí níbi tí wọ́n ń nàka sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bíbàjẹ́ kúrò nílẹ̀. Orúkọ fáìlì kò sí nínú fáìlì. Fódà ló ń tọ́jú rẹ̀. Pátákó orí ṣọ́ọ̀bù ni: ẹ lè pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀. Bí ẹ bá da fọ́tò kan kọ méjì, tí ẹ sọ ọ̀kan ní "Ẹlẹ́kọ.jpg", tí ẹ sọ èkejì ní "eleko.jpg", ohun tó wà nínú wọn á bára mu títí dórí báìtì tó kẹ́yìn, ìyẹn ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ohun gbogbo.

Ṣé kọ̀ǹpútà wá gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Ó ti ń gbà á tipẹ́. NTFS tí Windows fi ń to fáìlì jáde ní 1993, Unicode, ìlànà tó ń fi nọ́ńbà dá lẹ́tà èdè gbogbo mọ̀, ló sì ń lò fún orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1995, Windows 95 mú orúkọ gígùn tó gba Unicode wá sórí FAT, ètò títo fáìlì tí ọ̀pọ̀ fíláàṣì ṣì ń lò títí dòní. Ti Linux, tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tilẹ̀ rọrùn jù: yàtọ̀ sí / àti báìtì òdo, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kọ. Àwọn àmì tí Windows kọ̀ ni \ / : * ? " < > |. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Windows tí á gba "Aláké Ẹ̀gbá" láì bá yín fa wàhálà kò ní gbà kí ẹ dá fódà kan tó ń jẹ́ "aux" lásán, torí ó ti fi orúkọ yẹn pamọ́ fún ara rẹ̀ láti ayé DOS tó ṣáájú Windows.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wá ṣá. Láyé DOS, lẹ́tà mẹ́jọ ni orúkọ, mẹ́ta ni ìparí rẹ̀, kò sì sí àyè fún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn fọ́ńtì àkànṣe dé: wọ́n á gba àyè lẹ́tà mìíràn, wọ́n á ya ẹ tàbí ọ síbẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ á dà rú. Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859, wá di ìlú tí a ti ń bẹ̀rù àmì. Ẹ̀dà Unicode àkọ́kọ́ jáde ní 1991, Ken Thompson àti Rob Pike, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sì ṣe UTF-8, ọ̀nà tí à ń gbà fi báìtì kọ nọ́ńbà Unicode, ní 1992. Lónìí, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ọ̀rọ̀ fọ́ńtì àkànṣe ti parí, ẹ̀rù rẹ̀ ló kù.

Kí ló wá ń fa "kò ní ṣí"? Lọ́pọ̀ ìgbà, prógíráàmù àtijọ́ ni. Ó ń bá Windows sọ̀rọ̀ ní kóòdù, ìyẹn àtẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà wọn, tí kò ní lẹ́tà ẹ, Windows á wá fi ? sí àyè lẹ́tà náà. Ẹ sì rántí pé ? wà lára àwọn àmì tí kò lè sí nínú orúkọ. Prógíráàmù náà wá ń wá fáìlì tí kò lè sí láyé, ó ní òun kò rí i, gbogbo wa sì gbà pé Yorùbá ló fà á.

Zip, tí a fi ń di fáìlì púpọ̀ sínú ẹyọ kan, ni èkejì. Kóòdù 437 ti IBM ni zip fi ń kọ orúkọ látilẹ̀wá. Ní 2006 ni wọ́n tó fi àmì kan kún òfin rẹ̀ tó ń sọ pé UTF-8 ni orúkọ yìí. Bí prógíráàmù tó di zip bá gbàgbé àmì yẹn, lẹ́tà ẹ á di ß║╣ lọ́wọ́ ẹni tó tú u. Bí ẹ bá sì rí áº¹, kóòdù 1252 ti Windows ló kà á, torí báìtì mẹ́ta lẹ́tà ẹ, E1 BA B9, ni ẹnìkan kà bíi lẹ́tà mẹ́ta. Lẹ́tà ṣ tiwa a máa di á¹£ lọ́nà kan náà. Nítorí náà, ẹ má pa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ kọ, á ṣí, ẹ sì ti mọ ẹni tó ṣi í kà.

Àwa tí à ń dán sọ́fíwíà wò ní irọ́ tiwa náà: pé bí "café" bá ti kọjá, gbogbo èdè ti kọjá. Rárá o. É ti àwọn Faransé wà nínú kóòdù 437, ó wà nínú 1252, báìtì kan péré ni níbẹ̀. Prógíráàmù tí kò tíì gbọ́ orúkọ Unicode rí lè gbà á. Ẹ àti ọ kò sí nínú wọn. Ẹ́ tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ, àmọ́ wọn kì í gbé àmì ohùn mìíràn lé e lórí bíi tiwa, Unicode kò sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Nọ́ńbà méjì ló máa ń gbà, ó kéré tán.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ mú "Abẹ́òkúta", lẹ́tà mẹ́jọ lójú. Ẹ lè kọ lẹ́tà ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé àmì òkè lé e: báìtì 14 ní UTF-8. Ẹ lè tú gbogbo àmì sílẹ̀, kí e, ìsàlẹ̀ àti òkè dá dúró: 16. Ẹ tún lè bẹ̀rẹ̀ láti é, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sí i: 13. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Unicode náà ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ Linux àti NTFS kò rò bẹ́ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sínú fódà kan, ẹni tó bá rí wọn á ní fáírọ́ọ̀sì ti wọlé. HFS+ tí Mac fi ń to fáìlì láti 1998 máa ń tú àmì sílẹ̀, APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017 ń fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ wọ́n. Fáìlì láti orí Mac àtijọ́ á dé orí sáfà Linux, ẹ á máa tẹ orúkọ rẹ̀, sáfà á ní kò sí, ẹ sì ń fojú rí i níbẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá ń dán áàpù wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ń dá sílẹ̀. Mo máa ń fi ìkẹrin kún un, èyí tó ní igi kékeré lábẹ́ dípò tó-tó, e̩, U+0329. Púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá ló ń lò ó, Unicode kò sì kà á mọ́ ẹ rárá. Áàpù tó bá fẹ́ kí ará Abẹ́òkúta rí fáìlì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni ènìyàn á fi wá a.

Àwọn kan ní kí prógíráàmù kúkú bọ́ àmì gbogbo dànù bí fáìlì bá ti ń wọlé. Ìyẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ ní tòótọ́. Fáìlì ọkọ̀.jpg, ọkọ́.jpg àti oko.jpg á di oko.jpg, èyí tó bá wọlé kẹ́yìn á sì lè bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Ó ku gígùn. Báìtì 255 ni ext4, tí Linux fi ń to fáìlì, gbà fún orúkọ kan, ẹ́ sì lè gba márùn-ún. Àkòrí ìwé gígùn ní Yorùbá lè kọjá ibẹ̀ kó tó jọ pé ó gùn, prógíráàmù tí kò mọṣẹ́ á wá gé e sáàárín lẹ́tà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fi tó ẹni tó kọ prógíráàmù náà létí, àmọ́ ẹ má tún orúkọ náà tẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Kíbọ́ọ̀dù yín lè tẹ ẹ̀yà mìíràn, ẹni náà á dán an wò, á sì ní tòun ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sí i: U+1EB9, U+0301, ní títẹ̀lé ara wọn.