Wọ́n Ta Ẹ̀rọ fún Mi, Wọn Ò Bi Mí Ní Ohun Tí Mo Fẹ́ Tẹ̀

Inú ń bí mi. Ó ti lé ní oṣù méje tí ó ti ń bí mi, mo rò pé yóò rọlẹ̀, kò rọlẹ̀. Lánàá òde yìí ni mo ṣí fóònù, ìpolówó ọjà àwọn tó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára pólò fún mi ló kọ́kọ́ yọ sí mi lójú: "Di ọ̀gá oníṣẹ́ pólò láàárín ọjọ́ méjì! Ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀, sàtífíkéètì wà nínú ẹ̀." Wọ́n fi àwòrán obìnrin kan sí i, ó dúró ti heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ àwòrán mọ́ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tí èmi náà rín nìyẹn lọ́jọ́ tí mo san ₦680,000 fún wọn.

₦680,000 náà kì í ṣe owó tí mo rí he. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi dá àjọ, mo tún yá owó kọpuretífù níbi iṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n máa tẹ pólò fún àwọn ọmọ Poly àti ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, fún ilé ìwé tó bá ń ṣe eré ìdárayá, fún olóòkú àti ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ṣàngó, oníbàárà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo èyí ni mo fi ohùn sọ lórí WhatsApp fún ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ilé iṣẹ́ wọn l'Ékòó. Mo ní, "Ọ̀gá, pólò dúdú ni àwọn èèyàn mi sábà máa ń fẹ́, iná àdúgbò wa ò sì dáa. Èwo ni kí n rà?" Ó ní, "Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Gold package ni tiyín. Ó ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo ẹ̀ náà jẹ́. Heat press kan tó ní ẹ̀yà fún fìlà, fún kọ́ọ̀bù, fún abọ́. Prìńtà ọ́fíìsì tí wọ́n da íǹkì sublimation sí nínú. Bébà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì. Ó parí.

Ẹni tó bá mọ sublimation mọ̀ pé íǹkì rẹ̀ kì í dúró lórí aṣọ bí ọ̀dà ṣe ń dúró lára ògiri. Bí ooru bá dé nǹkan bí 200°C, ńṣe ni yóò di afẹ́fẹ́, yóò wọ inú fọ́nrán polyester, aṣọ tí kì í ṣe òwú, lọ, bó bá sì ti tutù, ó há síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n kò ríbi wọ̀ nínú òwú. Ojú aṣọ ló máa jókòó sí, omi àti ọṣẹ á sì kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí funfun nínú íǹkì náà rárá, ara aṣọ funfun ni funfun àwòrán ti ń wá. Ẹ fi tẹ pólò dúdú, ẹ ò ní rí nǹkan kan, àfi bí ìgbà tí ẹ fi omi kọ̀wé sára èédú.

Kò ju ọ̀rọ̀ méjì yìí lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti sọ ọ́ kó yé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo sọ fún wọn pé dúdú ni mo fẹ́ tẹ̀, èyí tí kò lè tẹ dúdú láéláé ni wọ́n tà fún mi, wọ́n sì mọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì ọ̀hún ńkọ́? Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò n'Ìbàdàn. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè wá, ó kọjá aago méjìlá kí olùkọ́ tó yọjú. A jẹ́ mẹ́tàlélógún nínú yàrá kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ó yọ pólò kan nínú ọ̀rá, funfun, tó ń dán, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, ó fi téèpù lẹ bébà mọ́ ọn, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Gbogbo wa na fóònù sókè. Nígbà tó ṣí bébà kúrò, òdòdó pupa kan yọ, ó mọ́lẹ̀ yòò, ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó jókòó níwájú mi, tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, béèrè pé, "Ọ̀gá, irú aṣọ wo nìyẹn?" Ó dáhùn pé, "Pólò ni, Mà."

Pólò ni, Mà! Ó mọ̀ pé polyester ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu sọ ọ́, ìbéèrè míì á tẹ̀lé e, àwọn kan á sì dìde láti gba owó wọn padà. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn béèrè, èmi náà béèrè, a sì ṣìnà, torí pé ẹni tí a bi fẹ́ kí a ṣìnà ni. Ní ọjọ́ méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi kan ẹ̀rọ náà, ìyẹn nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò wa pẹ̀lú sàtífíkéètì.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ tó ní láárí ni obìnrin kan tó fẹ́ sin ìyá rẹ̀. Pólò 30, dúdú, kí àwòrán ìyá wà láyà. Mo pe Èkó. Wọ́n ní dúdú ò ṣeé ṣe pẹ̀lú èyí tí mo rà, kí n wá ra ẹ̀rọ tó ń gé vinyl, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ. Owó míì nìyẹn, mi ò sì ní in. Mo bẹ obìnrin náà pé kó jẹ́ ká lo funfun, ó gbà nítorí pé ọjọ́ ti sún mọ́. Mo lọ sọ́jà, mo ra funfun tó nípọn tó sì rọ̀, torí olùkọ́ ní ká máa ra aṣọ tó dáa. Òwú ni. Lọ́jọ́ Sátidé ìsìnkú, ó rẹwà. Ìyá àgbà wà láyà ọmọ àti ọmọọmọ, ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò pariwo. Ó yọ pólò kan nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nà án títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gèlè ti lọ. Ojú ti lọ. Ibi tí ẹnu wà tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Orúkọ ṣì wà nísàlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀ ló lè kà á. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ìyá mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe owó ló bá wá. Ẹ̀yin tí ẹ ta ẹ̀rọ yìí fún mi, ẹ ò sí níbẹ̀. Ojú tèmi ló tì.

Ẹ tún wá gbọ́ ti iná. Lẹ́yìn heat press náà, níbi tí ojú èèyàn kì í dé, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: 1,800 watt. Jẹnẹrétọ̀ tí mo ní ni kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I pass my neighbour, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 650 watt lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn kí n tó sanwó! Wọ́n ní yóò gbé e. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, jẹnẹrétọ̀ náà gbin, ó yọ èéfín dúdú, ó kú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú prìńtà àti kọ̀ǹpútà, kó lọ wá jẹnẹrétọ̀ tó tó 3 kVA, kó sì mọ ohun tí yóò máa rọ sínú rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí ilé iṣẹ́ iná ń fún ní iná jù, ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ₦225 ni wọ́n sì gbé iná tiwọn lọ fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àdúgbò tèmi kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná tán, tí mo ti tẹ́ aṣọ, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń mú iná lọ, aṣọ náà á sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ni yóò san owó aṣọ yẹn?

Ti prìńtà náà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Pupa tí mo bá rí lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ọsàn ló ń tẹ̀ jáde. Oṣù mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé fáìlì kan wà tó ń bá prìńtà sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀, pé ó yẹ kí ẹni tó ta íǹkì fún mi fi í ránṣẹ́. Mo béèrè lórí WhatsApp tí wọ́n dá fún wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀.

Ní báyìí, DTF ni wọ́n ń polówó kiri, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá kí wọ́n tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jókòó níbi ẹ̀kọ́ yẹn lọ yá owó, ó ra ìyẹn. Òótọ́ ni pé DTF ń ṣe dúdú, ó ń ṣe òwú, torí íǹkì funfun wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun sì ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n íǹkì funfun yẹn wúwo, ó máa ń silẹ̀. Bí ẹ ò bá tẹ nǹkan fún ọjọ́ mélòó kan, yóò dí ẹnu ibi tí íǹkì ń gbà jáde. Ọ̀rẹ́ mi rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dé, ẹ̀rọ kò tẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó ra orí prìńtà tuntun. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sinmi.

Èyí tó wá ń dùn mí wọ eegun ni pé èmi àti òun kò nílò láti ra prìńtà kankan rárá! Ní Ṣómólú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, àwọn èèyàn wà tó ń tẹ DTF ní mítà mítà fún ẹni tó bá fi àwòrán ránṣẹ́. Wọ́n á ká a sínú ọkọ̀, yóò dé Ìbàdàn, ìwọ á gé e, ìwọ á fi heat press kékeré kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ pólò dúdú, òwú, ohun tó bá wù ọ́. Owó heat press kan àti owó pólò dọ́sìnnì méjì, èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá pọ̀, kó wá lọ ra ẹ̀rọ ńlá. Gbogbo àwọn tó ń ta package yìí ló mọ̀. Wọn ò ní sọ ọ́, torí bí wọ́n bá sọ ọ́, ta ni yóò ra Gold?

Bàbá kan ní Mọ́kọ́lá ló ṣí ojú mi. Iṣẹ́ screen ni Bàbá ń ṣe: férémù onípákó, aṣọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n nà sí i, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa íǹkì. Mo gbé ẹjọ́ mi lọ bá wọn pẹ̀lú ẹkún. Wọn ò tíì wo ẹ̀rọ mi tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ tẹ̀? Ta lo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún? Mélòó lẹ́ẹ̀kan?" Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo sanwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí. Ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi oògùn kun screen nínú òkùnkùn, bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán dúdú lé e, tí wọ́n ń gbé e sójú oòrùn díẹ̀, tí ibi tí oòrùn ò dé á sì ṣí nígbà tí wọ́n bá fi omi wẹ̀ ẹ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Pólò ilé ìwé igba tí àwọ̀ ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, Bàbá á parí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, kò sì ní ṣí. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣọ òkú yẹn ni mo ti ní kí àwọn ará Èkó wá gbé ẹrù wọn. Wọ́n ní kí n ka ẹ̀yìn rìsíìtì, pé owó tí àwọn bá ti gbà, àwọn kì í dá a padà. Irọ́ ni. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe lọ́dún 2018 ní, bí mo bá ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ọjà náà kò sì wúlò fún un, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kí n sì gba owó mi. Mo sọ ọ́ fún yín. Ohùn mi àti ohùn yín wà nínú fóònù mi, torí orí WhatsApp la ti sọ ọ́: dúdú, àti iná tí kò dáa. Ẹ̀yin lẹ ní ó ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má ta ẹ̀rọ. Ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè aṣọ, ẹ béèrè àwọ̀, ẹ béèrè iná, kí ẹ tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń dá àjọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń bọ̀ l'Ékòó. Mo ti háyà ọkọ̀. Mo ń gbé heat press náà bọ̀, mo ń gbé prìńtà bọ̀, mo sì ń mú pólò ìyá yẹn dání. Orí tábìlì yín ni mo máa tẹ́ ẹ sí.