Ooru omi kọ́ ni ooru èéfín

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn onítírélà Àpápá pé: "Bí géèjì omi kò bá ti kúrò ní 90, tẹná lọ, kò sóhun tó máa ṣe ẹ́ńjìnnì." Ire ni àwọn tó ń sọ ọ́ ń rò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ni géèjì yẹn ń wọ̀n. Kò mọ nǹkan kan nípa èéfín tó ń jáde lórí písítìnì. Tírélà tó gbé kọ̀ǹténà, tó ń gun bíríìjì Ìjọ́rà, tí dírẹ́bà kò fẹ́ já jíà, èéfín rẹ̀ lè ti kọjá 700°C kí ọwọ́ géèjì omi tó mira. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ písítìnì sì ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Òótọ́ ni pé ọ́ìlì ń tu písítìnì, kì í yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ooru náà pẹ́ níbẹ̀ ni wàhálà.

Nǹkan bí 700°C ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì dísẹ̀lì fi ṣe ààlà, bí a bá wọ̀n ọ́n kó tó dé tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í gan-an nìyí: lẹ́yìn tọ́bò, ó lè fi 100 sí 200 dín. 550 tí ẹ rí níbẹ̀ lè jẹ́ 700 níwájú. Ẹ bi mẹkáníìkì yín ibi tó lu ihò géèjì sí.

Ẹ kò ní géèjì èéfín? Ẹ wo salẹ́ńsà. Bó bá ń tú èéfín dúdú kìjikìji lórí bíríìjì, dísẹ̀lì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ àti rọ́bà intercooler (èyí tó ń tu afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti tọ́bò) wò. Ẹ já jíà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí iná. Rédíétọ̀ ńlá táwọn kan ń dámọ̀ràn, omi nìkan ni yóò tù.