Àtúnṣe: ìwé-àṣẹ Windows Server kò kó àṣẹ àwọn tó ń lò ó mọ́ra

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé ẹni tó bá ti ra ìwé-àṣẹ Windows Server Standard, ètò Microsoft tó ń darí sáfà (kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò ilé-iṣẹ́), ti bọ́, pé iyekíye òṣìṣẹ́ ló lè máa lo sáfà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ láti fi í sórí ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ láti lò ó. Láti ìgbà Windows Server 2016, iye core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni wọ́n fi ń ka ti àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ dín sí 16 fún ẹ̀rọ kan, bí core inú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju 12 lọ. Èkejì, tó ń jẹ́ CAL (Client Access License, ìyẹn ìwé-àṣẹ ìwọlé), ni à ń rà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé sí sáfà náà.

Lójú tèmi, ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé sáfà náà kì í sábà dá ẹni tí kò ní CAL padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá dé ni gbèsè náà yóò hàn.

Ẹ ṣí Product Terms, ìyẹn ìwé àdéhùn lílo àwọn ọjà wọn, lórí ìkànnì Microsoft, ẹ yan Windows Server, kí ẹ sì ka apá tó dá lé CAL.