Bí ọmọ jẹ́ ẹyọ kan, òfin ṣì kàn án

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé "bí ọmọ tí ẹ ń bá èèyàn tọ́jú kò bá ju méjì lọ, ẹ kò nílò ìforúkọsílẹ̀" kì í ṣe òótọ́ ní England. Kì í ṣe iye ọmọ ni Childcare Act 2006, òfin tó de ìtọ́jú ọmọ níbẹ̀, fi pinnu rẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 8, tó jẹ́ pé inú ilé yín lẹ ti ń tọ́jú rẹ̀, tí ẹ ń gbowó, tó sì ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted (àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwé àti ìtọ́jú ọmọ) tàbí lọ́dọ̀ childminder agency (iléeṣẹ́ tó ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ọmọ sílẹ̀) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin yọ òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò òbí ọmọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà: ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá ọmọ náà kò sí lára wọn, àǹtí tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni iye ọmọ tó wọ inú ọ̀rọ̀: lápapọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọdọ̀ ju 6, tí àwọn kéékèèké inú wọn (títí di September 1 tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí ọdún 5 wọn) kò gbọdọ̀ ju 3, tí ìkókó tí kò tíì pé ọdún 1 kò sì gbọdọ̀ ju 1. Ọmọ tiyín fúnra yín wà nínú ìṣirò náà.